Ọjọ́ Ẹtì Kan ní Òpópónà 126: Ẹjọ́ Fíìmù Friday Láàárín Àwọn Òǹwòran Rẹ̀

Ìyá mi pa fídíò náà kí a tó wò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 1999 ni, ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló yá kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún lọ́wọ́ ẹni tó ń yá fíìmù ní àdúgbò wa, ó sì ti ń sọ ọ́ sí mi létí láti àárọ̀ pé Ice Cube, olórin ráàpù tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yàrá wa, ló ṣe é. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí bàbá kan ti jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì wọlé. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ èébú bíi mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì lọ tẹ bọ́tìnì. "Irú ọ̀rọ̀ wo lèyí? Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ tó ṣú."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá ènìyàn jiyàn lórí fíìmù yìí. Ohun tí mo wá rí ni pé ẹjọ́ tí Mọ́mì dá ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, àwọn òǹwòran ní Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń dá a láti ọdún 1995, wọn ò sì tíì parí rẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀hún ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Friday ni orúkọ fíìmù náà. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1995 ló jáde sí ilé sinimá. Ice Cube àti DJ Pooh, tí òun náà jẹ́ ọmọ ráàpù tó ń ṣe orin fún àwọn ẹlòmíràn, ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. F. Gary Gray ló darí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26 ni Gray nígbà náà, fídíò orin ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò darí fíìmù gígùn kankan rí. New Line Cinema ló gbé owó kalẹ̀: mílíọ̀nù 3.5 dọ́là, owó tó kéré gan-an ní Hollywood. Ọjọ́ 20 péré ni wọ́n fi yà á. Gray kò wá àdúgbò lọ sí ibòmíràn. Òpópónà 126 ní South Central, Los Angeles, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ní kékeré, ló kó kámẹ́rà lọ. Àwọn aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ló bá lójú títì.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò lè mọ ìdí tí àwọn òǹwòran kan fi gba fíìmù yìí bí ẹni gba ọmọ tó ti pẹ́ lájò. Ní 1991, Ice Cube ti ṣeré nínú Boyz n the Hood ti John Singleton, ó ṣe Doughboy, ọmọkùnrin tí ìbọn gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1993, Menace II Society jáde, ẹ̀jẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láàárín méjèèjì, ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 1992, ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá tó lu Rodney King, ọkùnrin adúláwọ̀ kan, sílẹ̀, Los Angeles sì gbaná. Ó lé ní 60 ènìyàn tó kú. Gbogbo ayé rí èéfín South Central lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ àdúgbò náà, pósí ni ènìyàn ń rò.

Ice Cube ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ibi pé àwọn fíìmù yẹn ń fi àdúgbò àwọn hàn bí ọ̀run àpáàdì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dàgbà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ìbọn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá tó ń kùn nítorí oúnjẹ tó tán nílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, aládùúgbò tó ń tọrọ gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wà níbẹ̀. Òun àti Pooh wá kọ ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo, ní òpópónà kan ṣoṣo, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ìtàn náà kò ní ìṣòro. Wọ́n lé Craig, tí Ice Cube ṣe, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ gan-an; wọ́n ní ó jí páálí kó. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì láìní ibi tó ń lọ. (Àwọn àgbà wa tó sọ ọjọ́ náà ní Ẹtì, ọjọ́ tí nǹkan ń tì, ì bá mọ Craig dáadáa.) Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Smokey, tí Chris Tucker ṣe, wá bá a ní fàráńdà iwájú ilé. Wọ́n ti gbé igbó fún Smokey kó bá wọn tà á, ṣùgbọ́n ó ti mu ún tán. Big Worm, ọkùnrin tó ń fi mọ́tò áísíkirimù bojú tó sì ń ta igbó, ní òun fẹ́ 200 dọ́là òun kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn méjèèjì á kú. Deebo, ìpátá àdúgbò, ń gun kẹ̀kẹ́ tó gbà lọ́wọ́ Red, ọmọkùnrin tí DJ Pooh fúnra rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ yẹn, kíá ni gbogbo ènìyàn ń ti ẹ̀wọ̀n ọrùn wọn bọ abẹ́ aṣọ. Craig àti Smokey jókòó sí fàráńdà, ayé ń kọjá níwájú wọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn alárìíwísí ìwé ìròyìn pín sí méjì nígbà tó jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yin Tucker. Àwọn mìíràn ní kò sí ìtàn nínú rẹ̀, pé ẹ̀fẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ènìyàn méjì kàn jókòó ni. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kò dúró gbọ́ tiwọn. Ó lé ní mílíọ̀nù 27 dọ́là tó wọlé ní Amẹ́ríkà nìkan. Àwo orin inú rẹ̀ gun òkè téńté nínú ìwé Billboard tó ń to bí orin ṣe ń tà ní Amẹ́ríkà, orin Dr. Dre sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, kásẹ́ẹ̀tì yìí ló sì sọ ọ́ di ohun ìdílé. Àwọn tí a kò tíì bí ní 1995 mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí.

Lójú tèmi, ohun tí àwọn alárìíwísí pè ní àléébù gan-an ni agbára rẹ̀. Pé ènìyàn méjì jókòó ni ìtàn náà. Ẹni tó bá ti wà láìníṣẹ́ rí mọ ọjọ́ tó gùn bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn ní ni ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í. Ice Cube tí a mọ̀ sí ẹni tó ń fi ohùn líle kọrin nípa ọlọ́pàá kò ṣe ohun kan níbẹ̀ ju pé kó fetí sílẹ̀, kó fajú ro díẹ̀, kó jẹ́ kí Tucker máa sọ. Kì í ṣe gbogbo olórin ló lè jókòó kí ẹlòmíràn gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. DJ Pooh pàápàá ti ní in lọ́kàn láti ṣe Smokey fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń náwó fẹ́ apanilẹ́rìn-ín tó ti ń ṣe é níṣẹ́, òun sì gba ipò kékeré. Òun tó kọ ọ̀rọ̀ náà wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, Deebo ń gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran fi kàn án ni ti ìtìjú. Àwọn àgbààgbà láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tó rántí bí sinimá ṣe fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní ayé àtijọ́, bi í léèrè pé: ìgbà wo la jà tán tí a fi ń fi ọmọ tí kò níṣẹ́, amugbó, olè àti ọ̀mùtí hàn fún òyìnbó? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, mo mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé Craig dáadáa. Bàbá ń ṣiṣẹ́, ajá ìgboro ló ń mú fún ìjọba. Ìyá ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin Dana, tí Regina King ṣe, ń ṣiṣẹ́. Craig nìkan ni kò níṣẹ́ nínú ilé yẹn, ọjọ́ kan péré sì ni, gbogbo wọn kò sì jẹ́ kó sinmi. Nínú fíìmù South Central tó ṣáájú rẹ̀, mélòó ni ilé tí bàbá àti ìyá ti ń jẹun àárọ̀ pọ̀? Àwọn ará òpópónà irú èyí tí wọ́n wò ó kò rí ìtìjú níbẹ̀. Bàbá ara wọn ni wọ́n rí.

Ẹ̀sùn kejì ni ti igbó àti èébú, òun ni ẹ̀sùn Mọ́mì. Kò sí ìgbèjà kan tí mo lè ṣe níbẹ̀ ju pé òtítọ́ ni. Èébú inú fíìmù náà pọ̀, igbó sì ń jó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí Smokey fi ń ṣẹ́jú sí wa ní òpin. Chris Tucker fúnra rẹ̀ gba ẹ̀sùn yìí gbọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe apá kejì, kò wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ice Cube kọ ọ́ sí Twitter pé àwọn múra tán láti san láàárín mílíọ̀nù 10 sí 12 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ó kọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ máa bú èébú tàbí mu igbó níwájú kámẹ́rà mọ́. Ọ̀pọ̀ òǹwòran bínú sí Tucker fún ọdún gbọọrọ, wọ́n rò pé ìgbéraga ni nítorí pé fíìmù Rush Hour ti sọ ọ́ di olówó ní 1998. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó fi ẹ̀rí ọkàn kọ irú owó bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ó ku ẹ̀sùn tí mo gbà pé ó dúró, ti àwọn obìnrin. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò rí i. Mo ti wo fíìmù náà tó ìgbà mẹ́wàá kí àbúrò mi obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, tó sì béèrè pé, "Bọ̀dá mi, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín lára ẹni tí wọ́n lù?" Ọ̀rọ̀ Felisha ló ń sọ. Angela Means ló ṣe é: obìnrin tí kò ní nǹkan, tó ń tọ Craig àti Smokey wá láti tọrọ èyí tọrọ tọ̀hún, wọ́n sì ń lé e lọ. Gbólóhùn kúkúrú tí Craig fi lé e, "Bye, Felisha," ti di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Láti bí ọdún 2014 ni àwọn èwe ti ń sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọn ò fẹ́ rí mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ fíìmù tó ti wá. Ṣùgbọ́n Felisha yìí kan náà ni Deebo lù títí ojú rẹ̀ fi wú, nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Fíìmù náà ti kọ́ wa láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí ìyà bá sì jẹ ẹ́, ọkàn wa kò tètè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù pẹ̀lú: Joi, ọ̀rẹ́bìnrin Craig, kò ní iṣẹ́ kan ju owú lọ, kámẹ́rà sì ń wo ara Ìyáàfin Parker, aládùúgbò wọn, ju ojú rẹ̀ lọ. Debbie, tí Nia Long ṣe, nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun nìkan ní gbogbo òpópónà náà ló rìn lọ bá Deebo ní ìgboro láti bi í pé kí ló dé tó fi lu obìnrin. Deebo gbá òun náà lulẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìtàn ti yí padà, ibẹ̀ náà sì ni mo gbàgbọ́ pé fíìmù yìí ti gba ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kí alẹ́ tó lẹ́, bàbá Craig ti bá ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Bàbá tó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín láti àárọ̀ ni, John Witherspoon, ọkùnrin tó lè fi ìkéde ohun tó jẹ lánàá pa ọjà rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Kò pariwo. Ó gbé ìkúùkù méjèèjì sókè, ó ní ìwọ̀nyí ni ọkùnrin ń fi jà nígbà tiwọn. Wọ́n lè ṣẹ́gun rẹ, o sì lè ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n wàá wà láàyè láti rí ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí Debbie ṣubú, Craig yọ ìbọn náà. Gbogbo àdúgbò dúró. Nínú gbogbo fíìmù South Central tí Ice Cube àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ṣáájú, a mọ ohun tó kàn. Bàbá rẹ̀ jáde, ó bá a sọ̀rọ̀, Craig sì gbé ìbọn sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dojú kọ ènìyàn tó tó méjì rẹ̀.

Tiny Lister ló ṣe Deebo. Ó ti ja ìjàkadì pẹ̀lú Hulk Hogan ní 1989, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò sì ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìwò ojú yẹn wà lára ohun tó ń dẹ́rù bani. Craig jẹ ìyà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó borí, kò sì borí bí akọni orin. Agolo ìdọ̀tí àti bíríkì ló fi kún ìkúùkù. Red gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Smokey yọ 200 dọ́là nínú àpò Deebo tó dákú. Kò sí òkú kankan nílẹ̀ ní òpópónà 126 lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní 2019, nígbà tí ìròyìn kàn pé Witherspoon ti kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, mo fi ibi yìí nìkan han Mọ́mì lórí fóònù. Mi ò sọ fún wọn pé fíìmù tí wọ́n pa ní 1999 ni. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un gbé. Wọ́n ní, "Bàbá yìí gba ọmọ rẹ̀ là." Ìgbà náà ni mo wá sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn lórí èébú náà ṣì dúró síbẹ̀.

Ẹjọ́ owó náà wà, tí àwọn òǹwòran kò mọ̀ títí di 2021. Faizon Love, tó ṣe Big Worm, sọ ọ́ ní gbangba pé 2,500 dọ́là ni wọ́n san fún òun. Ice Cube dáhùn pé ọjọ́ 20 ni wọ́n fi ya gbogbo fíìmù náà, pé ọjọ́ kan tàbí méjì ni Love fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti pé kò sí ẹni tó fipá mú un. Àwọn òǹwòran tún pín. Mo gbọ́ tọ̀tún mo gbọ́ tòsì, èrò mi ni pé adéhùn ni adéhùn, ṣùgbọ́n fíìmù tó ń pa owó fún ọdún tó lé ní 25 yẹ kó rántí àwọn tí ojú wọn ń ta á. Big Worm pẹ̀lú bígúdì lórí nínú mọ́tò áísíkirimù wà lára ohun tí ènìyàn kò gbàgbé. Ohun tí kò ṣeé jiyàn lé ni ibi tí fíìmù kékeré yìí gbé àwọn mìíràn dé: Regina King gba Oscar ní 2019, Gray darí Straight Outta Compton, ìtàn Ice Cube àti ẹgbẹ́ N.W.A., ní 2015, lẹ́yìn náà ló darí apá kẹjọ Fast and Furious tó pa owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Apá kejì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2000, ìkẹta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Mike Epps ló gba ipò ọ̀rẹ́. Apá kejì pa owó ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, síbẹ̀ mi ò tíì pàdé ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n kó Craig lọ sí ìlú àwọn tó rí jájẹ ní ẹ̀yìn Los Angeles, ẹ̀fẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n fàráńdà kò sí mọ́.

Ìkẹrin ni wọ́n ń jà lé lórí báyìí. Ó ti pẹ́ tí Ice Cube ti ń sọ pé òun fẹ́ ṣe é. Àwọn òǹwòran kan ń dúró dè é. Àwọn kan ní kó jẹ́ kó sinmi, nítorí Witherspoon ti lọ, Lister kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, A.J. Johnson tó ṣe Ezal sì kú ní 2021. Mo wà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n padà sí òpópónà 126, kí Craig ti di bàbá, kó jókòó sí àga bàbá rẹ̀. Kí Felisha sì gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ́sàn-án gangan, kí ẹnikẹ́ni má lé e, kí wọ́n fún un ní àga ní fàráńdà, kó jókòó, kó sọ tirẹ̀.